Ẹ wá sọ ìrírí yín: oògùn tí wọ́n ń fín sábẹ́ ọkọ̀ kó má baà dógùn-ún

Ọmọ Ajah: Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ará ilé. Afẹ́fẹ́ òkun fẹ́ jẹ irin ọkọ̀ wa tán ládùúgbò yìí. Ọ̀dà ti ń wú sókè nísàlẹ̀ ilẹ̀kùn tèmi. Ta ló ti fín nǹkan sábẹ́ ọkọ̀ rí? Ṣé ó ṣiṣẹ́?

Bàbá Kọ́lá: Ó ṣiṣẹ́.

Ìyá Ìbejì: Èwo lẹ fín, sà? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ là á yé wa.

Àjọkẹ́ Chicago: Níbí, tí yìnyín bá ti bọ́ sílẹ̀, iyọ̀ ni wọ́n ń dà sójú títì kó lè yọ́. Iyọ̀ yẹn ló ń jẹ abẹ́ ọkọ̀. Èyí tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe ni mò ń fín lọ́dọọdún kí òtútù tó dé. Kì í gbẹ, ó máa ń wọ kọ̀rọ̀ tí ọwọ́ ò lè dé. Ó máa ń rùn díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ òórùn ẹ̀ á lọ.

Táíwò Panẹ́ẹ̀bítà: Èyí dúdú tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fín in lé irin tó ti dógùn-ún. Tó bá sán, omi á gbabẹ̀ wọlé, kò ní rọ́nà jáde. Irin á máa jẹrà nínú, ìta á máa dán. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo fi screwdriver kan abẹ́ jíìpù tòkunbọ̀ kan, ó dúdú minimini, screwdriver wọlé títí dé èèkù.

Ìyá Ìbejì: Yéè! Ohun tí wọ́n ṣe fún ọkọ mi gan-an nìyẹn! Ẹni tó ta ọkọ̀ fún un ní àwọn ti tọ́jú abẹ́ ẹ̀ dáadáa. Kò pé ọdún tí ibi tí ṣọ́ọ̀kì jókòó lé fi ya. Orí ló yọ wá.

Mufu Ìbàdàn: Tí mo bá rí abẹ́ tòkunbọ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dúdú, mi ò ní ná an rárá. Ilé yá.

Àjọkẹ́ Chicago: Kì í ṣe gbogbo wọn o. Ọkọ̀ míì, láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti kùn ún.

Mufu Ìbàdàn: Àǹtí mi, ti ilé iṣẹ́ kì í bo nọ́ọ̀tì àti páìpù bíréèkì mọ́lẹ̀.

Ṣẹ́gun: Owó lẹ̀ ń fi ṣòfò. Oil dúdú tí wọ́n bá fà jáde nínú ẹ́ńjìnnì ni bàbá mi ń fín sábẹ́ títírelà wọn.

Táíwò Panẹ́ẹ̀bítà: Oil yẹn ń mú kí rọ́bà wú, ó sì ń kán sílẹ̀ lọ sínú kànga tẹ́ ẹ̀ ń mu.

Ṣẹ́gun: WD-40, oògùn inú agolo tí wọ́n ń fín sára irin, ńkọ́? Ọdún 1953 ni wọ́n ṣe é, ara rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń tọ́jú.

Mufu Ìbàdàn: Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í wọ ẹrẹ̀ Ajah 😂

Táíwò Panẹ́ẹ̀bítà: Ó dáa fún nọ́ọ̀tì tó há, àmọ́ ó fẹ́lẹ́, kì í pẹ́ lára. Ọmọ Ajah, fi omi tó mọ́ fọ abẹ́ ọkọ̀, jẹ́ kó gbẹ dénú, fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha gbogbo ibi tó ti dógùn-ún kó o tó fín ohunkóhun. Má fín in sí bíréèkì àti sáláńsà o! Má sì dí ihò abẹ́ ilẹ̀kùn.

Ìyá Ìbejì: Ihò wo?

Táíwò Panẹ́ẹ̀bítà: Ẹ fọwọ́ wá etí ilẹ̀kùn nísàlẹ̀, ẹ ó kàn án. Ibẹ̀ ni omi òjò ń gbà jáde.

Ọmọ Ajah: Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fi wáyà tú tèmi ni, omi pupa pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ ń dà jáde ṣá! Bọ̀dá Táíwò, ibo ni ṣọ́ọ̀bù yín wà?