Èsì: «Àìmupo» kò gba iṣẹ́ ẹsẹ̀ awakọ̀ rò

Ẹ̀yin àgbà, mo kí yín o. Ẹ̀gbọ́n tó ní kí a máa pe kí ọkọ̀ rìn jìnnà lórí epo díẹ̀ ní «àìmupo», ẹ má bínú, mi ò gbà. Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. «Àì-» yẹn ló bà á jẹ́. Ẹni tó ń ṣún oúnjẹ jẹ kò gbààwẹ̀. Ọkọ̀ elépo wo ni kì í mu epo?

Ìgbà kan ṣoṣo ni «àìmupo» fi jóòótọ́. Bí awakọ̀ bá rí iná pupa lọ́ọ̀ọ́kán, tó gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí tọ́túrù (ibi tí à ń tẹ̀ kí ọkọ̀ lè sáré), tó sì fi ọkọ̀ sílẹ̀ nínú jíà, táyà ló ń yí ẹ́ńjìnnì nígbà náà. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ á ti ínjẹ́kítọ̀, ìyẹn ohun tó ń fọ́n epo sínú ẹ́ńjìnnì, pa, epo ò ní kán títí ẹ́ńjìnnì á fi rọlẹ̀ dé ìwọ̀n tó máa ń wà bí ọkọ̀ bá dúró. Ẹni tó sáré fa jíà sí fúríì, tí táyà ò fi lè yí ẹ́ńjìnnì mọ́, pé òun ń ṣọ́ epo, òun gan-an ló ń fi ṣòfò: ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ mu díẹ̀ kó má baà kú. (Mi ò ka ọkọ̀ àtijọ́ oníkàbúrétọ̀, tí kò ní ínjẹ́kítọ̀, mọ́ ọn.)

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ọwọ́ ẹni tó ń wa ọkọ̀ ni bí epo ṣe ń lọ wà. Ẹni tó ń já tọ́túrù mọ́lẹ̀, tó tún ń tẹ bíréèkì wìì níwájú, epo tó fi sáré ti di ooru lára bíréèkì. Ẹni tó kúrò lórí 90 kìlómítà ní wákàtí bọ́ sórí 120, agbára tí afẹ́fẹ́ fi ń dí i lọ́nà á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì: bó bá jẹ́ 9 tẹ́lẹ̀, á di 16. Ọkọ̀ kan náà ni, ẹsẹ̀ ló yàtọ̀. Ọ̀rọ̀ tí a bá máa lò gbọ́dọ̀ ní èèyàn nínú, èèyàn ló sì ń ṣún nǹkan lò. «Ìṣúnlò epo» ni mo fara mọ́.

Ẹni tó kọ «ìṣúlò» lánàá, tó ní bẹ́ẹ̀ ni «ìṣúná» ṣe rí: n inú «ná» ló gbé ti «ṣún» pamọ́ níbẹ̀. Níwájú l, bí n bá bọ́, ó di «ṣú» tí ilẹ̀ ń ṣú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa fi àmì ohùn sí i dáadáa pẹ̀lú. Epo ni ọkọ̀ ń mu. Èpò, oko la ti ń ro ó.