Marvel Champions nígbà tí a bá pé mẹ́ta: ẹ wá sọ ohun tí ojú yín rí

Ọmọ Ìbàdàn:

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin ará. Eré káàdì Marvel Champions ni mo fẹ́ ká jọ sọ̀rọ̀ lé lórí, èyí tí Fantasy Flight Games gbé jáde ní ọdún 2019. Ẹnì kan lè dá a ta, ẹni mẹ́rin náà lè jọ ta á. Kò sí pé mò ń bá ọ díje nínú rẹ̀: gbogbo wa la dojú kọ ọ̀daràn kan tó jẹ́ pé káàdì ló ń darí rẹ̀. Bí ẹ̀mí ọ̀daràn náà bá tán, gbogbo wa la borí. Bí ète rẹ̀ bá kún, gbogbo wa la pàdánù, bí ara akọni tìrẹ tilẹ̀ ṣì le koko.

Tèmi rèé. Èmi, ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin àti ìyàwó wọn la jọ kojú ọ̀daràn tó ń jẹ́ Rhino. Ẹ̀gbọ́n mi mú She-Hulk, ìyàwó wọn mú Spider-Man, mo mú Captain Marvel. Àwọn kan máa ń sọ pé Rhino rọrùn. Ó rọrùn fún ẹni tó ń dá ta. Ṣùgbọ́n bí a bá ṣe pọ̀ tó ló ṣe ń lágbára tó: ẹ̀mí 14 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ní ìpele kìíní, ìyẹn 42 fún ẹni mẹ́ta, ní ìpele kejì, 15 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Àmì ewu 7 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan ló ń kún ète rẹ̀, 21 fún tiwa, mẹ́ta sì ń wọlé ní ìyípo kọ̀ọ̀kan kí Rhino fúnra rẹ̀ tó ṣe ohunkóhun.

Nígbà tó yá, gbogbo wa ti gbọgbẹ́. Ẹ̀mí méjì ló kù lára She-Hulk. Ẹ sì mọ̀ pé ojú méjì ni káàdì akọni ní. Bí o bá wà ní ojú akọni, ọ̀daràn á kọlù ọ́. Bí o bá yí i padà sí ojú ènìyàn lásán, tí Spider-Man di Peter Parker, kò ní lù ọ́, o lè sinmi kí ara rẹ yá. Ṣùgbọ́n ète ni yóò máa pa dípò lílù, ewu á sì gorí ewu. Gbogbo wa ló ń wù ká lọ sinmi. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi ló ní ká dúró ná, ká ṣírò. Ewu ti wà ní 13. Mẹ́ta á wọlé fúnra rẹ̀, ó di 16. Bí gbogbo wa bá sá wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, ìyẹn ká yí sí ojú ènìyàn lásán, Rhino á pa ète lẹ́ẹ̀mẹta, ẹyọ kọ̀ọ̀kan, ó di 19. Yóò tún ṣí káàdì àfikún lẹ́ẹ̀mẹta, ìyẹn káàdì tí àmì orí rẹ̀ ń fi kún agbára ọ̀daràn. Àmì méjì péré lórí káàdì mẹ́ta yẹn, ó ti parí nìyẹn.

She-Hulk nìkan ló wọlé. Àwa méjì dúró, a jìyà ọwọ́ Rhino, a sì yè é. Nílé wa báyìí, kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan káàdì, a ó kọ́kọ́ fẹnu kò lórí ẹni tó máa wọlé sinmi. Ní tèmi o, ohun tó ṣòro jù nìyẹn nígbà tí a bá pọ̀, ó ṣòro ju ìjà lọ.

Ìyá Ìbejì, London:

Ẹ ṣeun, Ọmọ Ìbàdàn. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín mọ nǹkan.

Èmi àti àwọn ìbejì mi la máa ń ta á lọ́jọ́ Sátidé. Iron Man ni Táyé fẹ́ràn, Iron Man kì í sì í tètè gbéra. Ní ojú akọni, káàdì kan péré ló ń dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yà ìhámọ́ra kọ̀ọ̀kan tó bá tò sílẹ̀ ló ń fi ọ̀kan kún un, títí dé 7. Nítorí náà, Táyé máa ń pẹ́ ní ojú Tony Stark kó lè tò wọ́n jọ. Ẹlòmíràn ló gbọ́dọ̀ ra àsìkò yẹn fún un. Kẹ́hìndé ló ń mú ẹ̀ka káàdì tó ń jẹ́ Justice, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa yọ ewu tí Rhino ń kó lé wa lórí nítorí Táyé.

Èmi máa ń mú Black Panther pẹ̀lú Protection, ẹ̀ka káàdì ìgbèjà. Òfin gbà pé bí ọ̀daràn bá kọlu ẹnì kan, akọni ẹlòmíràn lè bọ́ síwájú gbà á. Èmi ni ìyà náà máa jẹ, ṣùgbọ́n agbára ìgbèjà tèmi ló máa dín in kù, Black Panther sì ń dá ọ̀kan padà fún ẹnikẹ́ni tó bá lù ú. Kẹ́hìndé á ní, “Mọ́mì, ẹ gbà mí!” Màá yí káàdì mi dùbúlẹ̀, àmì pé akọni mi ti lo agbára rẹ̀ nìyẹn. Ohun tó yẹ kí ẹ fi sọ́kàn ni pé akọni tó bá gbèjà báyìí á ṣì dùbúlẹ̀ nígbà tí ìyípo rẹ̀ bá dé, kò ní lè fúnra rẹ̀ jà tàbí yọ ewu. Ẹ̀ẹ̀kan náà ló sì lè gbà. Nítorí náà, alátìlẹ́yìn, ìyẹn káàdì olùrànlọ́wọ́ akọni, tó bá ti ku ẹ̀mí kan la máa ń fi gba ìlù tó tóbi jù, torí èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú ìlù náà kì í sábà kọjá sára akọni.

Ará Houston:

Ẹ jẹ́ kí n fi ti Hydra Mercenary kún un. Ọmọ ogun yẹn máa ń ṣọ́ ọ̀gá rẹ̀, ẹni tó bá dúró níwájú rẹ̀ kò lè lu Rhino. Ẹni yẹn nìkan o! Mo ti rí ẹgbẹ́ tí gbogbo wọn dáwọ́ ìjà dúró torí pé ó dúró níwájú ẹnì kan. Àwọn yòókù lè máa lu Rhino lọ, wọ́n sì tún lè bá a pa ọmọ ogun náà.

Ẹ tún wo ìdì káàdì ara yín kí ẹ tó jókòó. Alátìlẹ́yìn Nick Fury kan péré ló lè wà lórí tábìlì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni mẹ́ta bá kó o dání, méjì yòókù kò lè jáde níwọ̀n ìgbà tí ọ̀kan bá ṣì wà níbẹ̀.

Ọmọ Ìbàdàn:

Ará Houston, òótọ́ ni. Ohun kan ṣì wà tí mo fẹ́ràn gan-an. Bí ìyípo bá jẹ́ tìrẹ, o lè ní kí ẹlòmíràn lo káàdì tirẹ̀ lásìkò náà. Ìlù tó bá pọ̀ ju ẹ̀mí ìpele kìíní lọ, ṣe ló ń ṣòfò, kì í bọ́ sí ìpele kejì. Rhino ku ẹ̀mí méjì, ẹ̀gbọ́n mi sì di Gamma Slam mú, èyí tí ìlù rẹ̀ jẹ́ iye ìyà tó wà lára She-Hulk, 11 lọ́jọ́ náà. Wọn ò lò ó ní ìyípo tiwọn. Spider-Man ló fi ọwọ́ lásán lu méjì yẹn, Rhino tuntun jáde, ìyàwó wọn bá ní, “Ó yá, ẹ jù ú!” Ó bà á ní 11 gbáko. A pariwo débi pé aládùúgbò kan ilẹ̀kùn.

Klaw, ọ̀daràn mìíràn, ló kàn báyìí. Bó bá ti ń kọlù ni, káàdì àfikún rẹ̀ á di méjì, tó bá sì jẹ́ ẹni mẹ́rin ló wà ní ojú akọni, mẹ́jọ nìyẹn ní ìyípo kan. Ìdì káàdì tirẹ̀ á tètè tán, tó bá sì tán, ewu tó ń wọlé ní ìyípo kọ̀ọ̀kan á fi ọ̀kan lé sí i títí eré á fi parí. Ta ló ti fi ẹni mẹ́rin kojú rẹ̀? Ẹni mélòó lẹ fi sílẹ̀ ní ojú akọni lẹ́ẹ̀kan náà?