Ìpààrọ̀ ara ni, kì í ṣe àtúnwáyé

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi nínú iṣẹ́ èdè, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo ti ka àbá tí ọ̀gbẹ́ni kan láàárín wa fi ránṣẹ́ lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé nígbà tí a bá ń kọ àkópọ̀ Doctor Who, eré àtìgbàdégbà ti ilé-iṣẹ́ BBC nípa Dókítà, arìnrìn-àjò láti ayé mìíràn tó ń la ìgbà kọjá, ní Yorùbá, kí a máa lo àtúnwáyé fún ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní regeneration, tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí Dókítà bá fẹ́ kú, tí ìmọ́lẹ̀ bo gbogbo ara rẹ̀, tí ẹlòmíràn tí ojú àti ohùn rẹ̀ yàtọ̀ sì dìde ní ipò rẹ̀. Ẹ̀rí tí wọ́n gbé kalẹ̀ kì í ṣe kékeré. Wọ́n ní nínú apá tó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, èyí tí Inua Ellams kọ, tí ọ̀pọ̀ rẹ̀ sì wáyé ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀ kan ní Èkó, Dókítà fúnra rẹ̀ sọ ìtàn ayé rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ mẹ́fà péré, pé wọ́n bí òun, òun kú, wọ́n sì bí òun. Wọ́n ní bí ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn bá ti sọ bẹ́ẹ̀, kí ló kù tí à ń wá?

Èmi fẹ́ràn apá yẹn ju gbogbo èyí tó kù nínú sáà náà lọ, nítorí náà n kò fojú kéré ẹ̀rí wọn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti jáde. Àwọn ọkùnrin há sínú ṣọ́ọ̀bù, wọ́n ń sọ ìtàn bí wọ́n ṣe ń gẹ irun wọn, ìtàn wọn yìí ni oúnjẹ ẹ́ńjìnnì tó ń gbé ṣọ́ọ̀bù náà rìn lórí ẹ̀yìn aláǹtakùn ràgàjì kan. Ìtàn tí kò lópin ni Dókítà ń wá, kí ẹ́ńjìnnì náà lè jẹ àjẹjù, inú ayé ara rẹ̀ ló sì ti rí i. Ẹnu apàlọ́ ló fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe ẹnu ẹni tó ń ṣe ìwé atúmọ̀-èdè.

Ẹ tún gbìyànjú láti sọ ọ̀rọ̀ mẹ́fà yẹn ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì lè sọ pé a bí ènìyàn, kí ó má sì sí ojú òbí kankan nínú gbólóhùn náà. Àwa kò lè ṣe é. “Wọ́n bí mi, mo kú, wọ́n tún bí mi” ti di ọ̀rọ̀ mẹ́sàn-án, “wọ́n” méjì sì ti wọlé jókòó láàárín rẹ̀, tí olùgbọ́ á fẹ́ mọ ọmọ ilé ibi tí wọ́n jẹ́. Bí mo bá fẹ́ kí ó pé mẹ́fà géérégé, “Mo wáyé, mo kú, mo wáyé” ni mo lè sọ, ẹni tó bá sì wáyé lọ́nà tí Yorùbá gbà ń sọ ọ́, inú obìnrin kan ló gbà kọjá.

Ọ̀kan nínú àwọn tó há sí ṣọ́ọ̀bù náà ń jẹ́ Túndé. Orúkọ rẹ̀ ni mo máa fi ṣàlàyé ohun tó yà mí sọ́tọ̀ kúrò lẹ́yìn àbá àtúnwáyé. Babátúndé ni ọmọ tí wọ́n bí lẹ́yìn ikú bàbá àgbà. Ilé tí bàbá náà ti lọ ló padà sí, ọmọ-ọwọ́ ni nígbà tó dé, wọ́n kọ́ ọ ní ìrìn, wọ́n kọ́ ọ ní ọ̀rọ̀. Kò sí ẹni tó lè lọ ká Babátúndé mọ́lé kí ó ní kí ó san gbèsè tí bàbá àgbà jẹ kó tó kú. Dókítà kò rí bẹ́ẹ̀. Géńdé ló ń dìde, ó rántí ọ̀tá àti ọ̀rẹ́, gbogbo gbèsè tó jẹ ní ojú àná sì ń tẹ̀lé e dé ojú tòní. Bí a bá wá fún òun náà ní àtúnwáyé, ọ̀rọ̀ wo ni a máa fi sílẹ̀ fún Túndé?

N kò ní pẹ́ lórí àtúnbí, tí àwọn méjì dábàá. Ṣọ́ọ̀ṣì ti gbà á, ohun tí wọ́n sì ń fi sọ ni pé ọkàn yí padà, ara ṣì wà bó ṣe wà. Òdìkejì ohun tí à ń wá gan-an nìyẹn.

Ìparadà ló ṣòro fún mi láti kọ̀. Bí a bá tú u, pa-ara-dà ló wà nínú rẹ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ohun tó jẹ́ kí n fi í sílẹ̀ ni pé eré náà ti ní àwọn tó ń paradà nínú. Láti ọdún 1975 ni àwọn Zygon ti wà níbẹ̀, àwọn tó ń mú àwòrán ẹni tí wọ́n bá fẹ́, tí wọ́n sì ń padà sí àwòrán ara wọn nígbà tó bá wù wọ́n, bí àgbọ̀nrín inú ìtàn ọdẹ tó bọ́ awọ pamọ́ sínú igbó kó tó wọ ọjà. Dókítà kò lè padà sí ojú àná nígbà tó bá wù ú. Ẹni tó bá fẹ́ kọ àkópọ̀ apá tí Dókítà àti Zygon ti pàdé á nílò ọ̀rọ̀ méjì.

Ó yẹ kí a rántí pé àwọn aláwọ̀ funfun tó ni eré náà pàápàá kò bá ọ̀rọ̀ wọn bọ̀ láti ilé. Nígbà tí àìlera mú kí William Hartnell, òṣèré tó kọ́kọ́ ṣe Dókítà, fi ipò sílẹ̀ ní ọdún 1966, tí Patrick Troughton sì bọ́ sí i, ohun tí Dókítà tuntun sọ ni pé wọ́n sọ òun di ọ̀tun. Ní 1969, wọ́n pe ti Troughton ní ìyípadà ìrísí. Ọdún 1974, nígbà tí Jon Pertwee ń lọ tí Tom Baker ń bọ̀, ni wọ́n tó ṣẹ̀ṣẹ̀ lo ọ̀rọ̀ tí gbogbo ayé mọ̀ lónìí, ọ̀rọ̀ tí àwọn onímọ̀ nípa ẹ̀dá alààyè ń lò fún ìrù alángbá tó gé tó sì hù padà. Ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀lé ti 1966 lè mú ìsọdọ̀tun, ṣùgbọ́n létí tèmi, ńṣe ló dà bí ẹni tó lọ tún ìwé ìwakọ̀ rẹ̀ gbà.

Ìpààrọ̀ ara ni mo fara mọ́. À ń pààrọ̀ aṣọ, à ń pààrọ̀ ilé, mọkáníìkì ń pààrọ̀ táyà, ohun tí wọ́n sì pààrọ̀ kì í ṣe ẹni tó ni ín. Ẹni tó kó kúrò ní Mushin lọ sí Ìkòròdú ṣì ni ẹni àná, àwọn olówó rẹ̀ á sì wá a débẹ̀.

Àléébù rẹ̀ kò ṣàì hàn sí mi. Ní alẹ́ ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún kan náà, èmi àti màmá mi jọ jókòó wo apá tó parí sáà náà. Wọn kò wo eré yìí rí, ẹ̀pà ni wọ́n ń bó jẹ. Nígbà tí ìmọ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lára Ncuti Gatwa, tó ń ṣe Dókítà nígbà náà, wọ́n gbé abọ́ sílẹ̀, wọ́n ní, “Yéè, ó ti jóná!” Mo ní, “Rárá, Màámi, ó ń pààrọ̀ ara ni.” Wọ́n dákẹ́. Ojú Billie Piper yọ. Wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, “Ó dáa. Ara ta ló wá gbà?”

Ìbéèrè yẹn ni ẹnikẹ́ni tó bá ta ko ìpààrọ̀ máa bi mí, pé ẹni tó bá ṣe pàṣípààrọ̀ gbọ́dọ̀ ti gba nǹkan lọ́wọ́ ẹnìkan. Mo gbà. Ṣùgbọ́n nínú ọ̀ràn ti apá yìí, ìbéèrè tó bá a mu ni: Piper ló ṣe Rose Tyler, ọ̀rẹ́ tó ń bá Dókítà rìnrìn-àjò, láti ọdún 2005, nígbà tí orúkọ rẹ̀ sì jáde ní òpin eré, wọn kò kọ ipò tó kó sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí wọ́n ti máa ń kọ ọ́. Àtúnwáyé ì bá ti pa ìbéèrè náà lẹ́nu mọ́.

Ẹ fún mi láyè kí n fi èyí kún un. Nígbà tí Jodie Whittaker, tó jẹ́ obìnrin, bọ́ sí ipò Peter Capaldi ní 2017, àwọn tó ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọ àkópọ̀ ní láti yí arọ́pò-orúkọ padà láàárín gbólóhùn. “Ó” tiwa kò mira rárá. Ìṣòro tiwa wà ní ibòmíràn: ẹni tó ti lé ní ẹgbẹ̀rún ọdún láyé, ṣé “ó” ló yẹ ẹ́ ni, àbí “wọ́n”? Mo ń lo “ó”, nítorí pé ojú tó gbé wọ̀ kéré, ṣùgbọ́n ọkàn mi kò balẹ̀ lórí rẹ̀.

Ibi kan wà tí ìpààrọ̀ ara kò lè dé. Ní ọjọ́ 9 oṣù Kejìlá ọdún 2023, David Tennant, tó ń ṣe Dókítà nígbà náà, kò pààrọ̀ ohunkóhun. Gatwa jáde láti inú rẹ̀, àwọn méjèèjì dúró, aṣọ pàápàá pín, tó fi jẹ́ pé Gatwa kò rí ṣòkòtò wọ̀. Ọ̀rọ̀ tuntun, bigeneration, ni wọ́n ṣẹ̀dá fún un ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹni tó jáde kẹ́yìn sì sọ fún èkejì pé ìsinmi tí èyí tó ṣáájú máa ṣe ló mú ara òun yá, bẹ́ẹ̀ ẹni ìṣáájú kò tíì sinmi ọ̀hún. Ẹ̀yin tí ẹ mọ bí Kẹ́yìndé ṣe rán Táyé lọ tọ́ ayé wò, ẹ ti mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n. Mo dábàá pé kí a sọ pé Dókítà di èjìrẹ́, kí a sì pe ìṣẹ̀lẹ̀ náà ní ìdèjìrẹ́.

Kánàkò tí ẹnìkan fi túmọ̀ TARDIS, ọkọ̀ tí Dókítà fi ń la ìgbà kọjá, dùn, ṣùgbọ́n ọ̀nà ni kánàkò ń ká kò, kì í ṣe ọdún. Ẹ jẹ́ kí a sún un sí ọjọ́ mìíràn. Ní ti bí a ó ṣe kọ ọ́, ọ̀rọ̀ méjì ni mo ń kọ ìpààrọ̀ ara sí. Ẹni tó bá fẹ́ pa á pọ̀ di ìpààrọ̀ra, kí ó kọ́kọ́ pè é sókè fún ará ilé rẹ̀ kan, kí ó sì wò ó bóyá wọn kò ní gbé àpò ọ̀rá wá fún un.