Báwo lẹ ṣe ń fi mọ́tò pín oúnjẹ kiri tí kò fi ní dójú ti ẹni tó wá gbà á?

AládùúgbòRere:

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ mi gùn díẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi fara balẹ̀ kà á.

Àwa kan la kóra jọ ládùúgbò wa, kò sẹ́ni tó ń gbowó nínú wa, à ń fi bọ́ọ̀sì kan gbé oúnjẹ kiri ní gbogbo Sátidé fáwọn tí nǹkan ò rọgbọ fún. Àwọn sítọ́ọ̀ kan máa ń fún wa lóhun tí wọn ò lè tà mọ́ àmọ́ tó ṣì dáa, àwọn aládùúgbò náà sì máa ń dá ìrẹsì, ẹ̀wà, òróró àtàwọn nǹkan inú agolo jọ fún wa. Bá a bá ti páàkì báyìí, a ó tẹ́ tábìlì, àwọn èèyàn á tò, a ó bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Oúnjẹ ń wọlé dáadáa o, bá a ṣe ń pín in ló ń kó ìdààmú bá mi.

Ilẹ̀ kì í tíì mọ́ táwọn kan á ti wá dúró, nígbà tá a bá fi máa dé, ẹsẹ̀ á ti máa ro àwọn àgbàlagbà, àwọn tó lágbára ló sì máa ń wà níwájú. Sátidé tó kọjá, màmá kan tó ń tẹ̀pá dúró títí, kó tó kàn án, iyọ̀ àti ṣúgà nìkan ló kù lórí tábìlì. Ó ní "ẹ ṣé ọmọ mi, Ọlọ́run á bù sí i," ó gbé iyọ̀ yẹn, ó lọ. Ó ń dùn mí di bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí.

Àwọn kan sì wà tí mo mọ̀ dájú pé kò sí nǹkan nínú ilé wọn tí wọn kì í wá rárá. Ọkùnrin kan wà lójúlé tó tẹ̀ lé tiwa, iṣẹ́ ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó sì níyàwó àtọmọ, tó bá ti rí bọ́ọ̀sì wa lókèèrè, ṣe ló máa ń gba òdìkejì títì. Àwa fúnra wa náà ò wá fẹnu kò. Ẹnì kan ní ká máa ya àwọn tó ń gbà á ní fọ́tò kí àwọn tó ń dáwó lè rí i pé lóòótọ́ la pín in, ẹlòmíì ní ká máa gba káàdì ìdánimọ̀ kẹ́nì kan má bàa gbà á lẹ́ẹ̀mejì. Ọkàn mi ò gba méjèèjì, àmọ́ mi ò mọ ohun tí mo lè fi rọ́pò ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti wà lẹ́nu ẹ̀ tipẹ́, báwo lẹ ṣe ń ṣe tiyín?

ÀgbàOlùpín:

Ẹ kú iṣẹ́ o, agbára yín ò ní dín kù. Ọ̀rọ̀ ìlà yẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yanjú torí òun ló bí ìyókù. Níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì jẹ́ pé ẹni tó tètè dé ló máa rí nǹkan gidi mú, kò sí bẹ́ ẹ ṣe máa bẹ àwọn èèyàn tó tí wọn ò ní wá dúró látòru. Lọ́dọ̀ tiwa, kálukú ló ní àsìkò tiẹ̀, lọ́jọ́ tẹ́nì kan bá wá gbà á la ti máa ń kọ àsìkò tó máa wá nígbà míì sórí bébà kékeré fún un, a sì máa ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ rán àwọn tó ní fóònù létí. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dara pọ̀ tí ò tíì ní àsìkò á ki ọwọ́ bọ àpò kan tá a kó nọ́ńbà sí, á mú ọ̀kan, èyí tó bá bọ́ sí i lọ́wọ́ náà ni tiẹ̀, ì báà jẹ́ òun ló kọ́kọ́ dé. Táwọn èèyàn bá ti rí i pé kéèyàn dé ní ìdájí ò mú nǹkan kan wá, àwọn fúnra wọn á jáwọ́ ńbẹ̀. Ẹ gbé àga díẹ̀ sínú bọ́ọ̀sì náà, ẹ má jẹ́ kí arúgbó tàbí aboyún dúró.

Ẹ wá pín ẹrù yẹn kẹ́ ẹ tó gbéra nílé o. Tó bá jẹ́ wákàtí mẹ́ta lẹ máa fi wà níbẹ̀, ohun tí gbogbo èèyàn ń wá, òróró, mílíìkì, ẹyin, ẹ pín in sọ́nà mẹ́ta, ẹ má sì ṣí ti wákàtí kejì títí àsìkò ẹ̀ á fi tó. Ohun tí ẹni àkọ́kọ́ bá lórí tábìlì náà ló yẹ kẹ́ni tó kẹ́yìn bá. Bẹ́ ẹ bá ṣe bẹ́ẹ̀, màmá tó ń tẹ̀pá yẹn ò ní gbé iyọ̀ lásán lọ sílé mọ́.

Ó tún ku ẹyọ kan tí mi ò lè ṣe kí n má sọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fọwọ́ ara wọn mú ohun tí wọ́n fẹ́. Mo mọ̀ pé ó yá kéèyàn ti di gbogbo ẹ̀ sínú báàgì kó sì máa nà án síni, àmọ́ ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ máa rí agolo tí wọ́n ju sílẹ̀ létí títì, torí ẹnì kan ò ní sítóòfù, ẹlòmíì ò ń jẹ irú ẹran yẹn nítorí ẹ̀sìn ẹ̀, òmíì sì ti ní ìrẹsì nílé, epo ló ń wá. Ẹ kàn sọ iye tí ilé kan lè mú nínú oríṣi kọ̀ọ̀kan, kó pọ̀ sí i fún ilé tó bá lérò, kẹ́ ẹ wá jẹ́ kí wọ́n fúnra wọn yan èyí tí wọ́n bá fẹ́. Bó ṣe máa ń rí nìyẹn tẹ́ni tó ti sorí kọ́ wọ inú ìlà á nàró, á máa yẹ agolo wò, á máa ka ohun tí wọ́n kọ sára ẹ̀, á bi yín pé ṣé kò sí èyí tí iyọ̀ ẹ̀ kéré. Ẹni tó wá ra nǹkan náà ń bèèrè bẹ́ẹ̀.

Ọ̀rọ̀ fọ́tò, rárá o, mi ò fẹ́ gbọ́ ọ. Ọmọ ẹnì kan máa rí màmá ẹ̀ lórí Facebook níbi tó ti ń gba ìrẹsì, wọ́n á sì fi ṣe é yẹ̀yẹ́ nílé ìwé. Tí àwọn tó ń dáwó bá fẹ́ ẹ̀rí, ẹ ya páálí, ẹ ya bọ́ọ̀sì kó tó gbéra àti nígbà tó ṣófo, kẹ́ ẹ sì kọ iye kílò tẹ́ ẹ gbé jáde àti iye ilé tó rí i gbà sílẹ̀. Tí káàdì ìdánimọ̀ ńkọ́? Àwọn tí ò ní ìwé kankan lọ́wọ́ ló máa ń ṣaláìní jù. Tẹ́ ẹ bá ti mọ orúkọ tí wọ́n ń jẹ́, iye ẹni tó wà nílé wọn àti bóyá ọmọ ọwọ́ wà níbẹ̀, ó tó. Ẹ má gbé ìwé tẹ́ ẹ kọ ọ́ sí kalẹ̀ sórí tábìlì tí gbogbo èèyàn á máa wò ó. Àwọn tó ń gbà á lẹ́ẹ̀mejì yẹn, mo ti bá púpọ̀ nínú wọn sọ̀rọ̀ jẹ́ẹ́, ọ̀pọ̀ ìgbà ló jẹ́ pé aládùúgbò wọn tó ń ṣàìsàn ni wọ́n ń gbà á fún.

DẹrẹbàBọ́ọ̀sì:

Ẹ̀gbọ́n ti sọ ọ̀pọ̀, èmi ni mo máa ń wakọ̀ lọ́dọ̀ tiwa torí náà ti inú ọkọ̀ ni mo máa sọ. Ẹrù ibi tẹ́ ẹ máa dé kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ kó wọlé, ti ibi àkọ́kọ́ á wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, àwọn páálí agolo tó wúwo á wà nísàlẹ̀, ẹ sì fi okùn dì í, torí tẹ́ ẹ bá tẹ bíréèkì lójijì, agolo á fò lu ẹni tó wà níwájú.

Èyí tẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú ní dandan ni ti òtútù. Mílíìkì, ẹran, ẹja, gbogbo ohun tó ń gbé nínú fíríìjì kò gbọ́dọ̀ gbóná ju 5°C lọ, èyí tó dì sì gbọ́dọ̀ wà ní bíi -18°C. Láàárín 5°C sí 60°C ni kòkòrò àrùn ti máa ń pọ̀ wìtìwìtì, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀ má wà níta ju wákàtí méjì lọ, tí oòrùn bá wá mú débi tó ju 32°C, wákàtí kan péré ni. Ẹ fi tẹmọ́mítà sínú kúlà kọ̀ọ̀kan, kì í wọ́n, kẹ́ ẹ sì máa kọ ohun tó bá sọ sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó gbéra àti nígbà tẹ́ ẹ bá dé. Ẹnì kan ṣoṣo ni kó máa ṣí kúlà. Tẹ́ ẹ ò bá ní kúlà tó ń ṣiṣẹ́, ẹ má gba ẹran lọ́wọ́ sítọ́ọ̀ rárá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn kẹ́ ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ ò níbi tẹ́ ẹ máa tọ́jú ẹ̀ sí. Ẹni tí ò rówó oúnjẹ ò lè rówó ilé ìwòsàn.

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì tẹ́ ẹ bá ti dé o, èéfín yẹn ń wọ imú àwọn tó wà lórí ìlà. Ibi tó tẹ́jú, tó ní ibòòji, tí kẹ̀kẹ́ arọ lè dé ni kẹ́ ẹ máa wá.

TiloreṢé:

Mo fẹ́ dáhùn lórí ọkùnrin tó ń gba òdìkejì títì yẹn, torí bí mo ṣe ń kà á, èmi gan-an ni mò ń kà. Nígbà tíṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ mi, bọ́ọ̀sì oúnjẹ máa ń dé òpópónà wa, mo sì máa ń wà lẹ́yìn fèrèsé tí màá máa wò ó títí tó fi máa lọ, ebi sì ń pa wá nínú ilé o. Wọ́n ní ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́, àmọ́ èèyàn lè dákẹ́ torí pé ojú ń tì í gan-an ni, kó má sì jẹ́ pé kò fẹ́ ìrànlọ́wọ́. Ojú àwọn tó mọ̀ mí ni mi ò lè kò, pé èmi tó máa ń dá owó fún wọn tẹ́lẹ̀, èmi náà ló wá tò síbí.

Ohun tó mú mi jáde ni pé ọ̀kan nínú àwọn tó ń pín oúnjẹ náà wá kanlẹ̀kùn, ó ní "Ẹ jọ̀ọ́ bọ̀dá, ọwọ́ ò tó, ṣé ẹ lè bá wa sọ páálí kalẹ̀?" Mo bá wọn sọ ọ́ kalẹ̀. Bá a ṣe ṣe tán, gbogbo àwọn tó ṣiṣẹ́ ló gbé báàgì kan lọ sílé, àtàwọn tí ò ṣaláìní nínú wọn o, kò sẹ́ni tó bi mí léèrè nǹkan kan. Nígbà tó yá, mo ti mọ gbogbo wọn, mo kàn sọ fún wọn bó ṣe rí. Mo ṣì wà lára wọn di báyìí. Àmọ́ ẹ má wá sọ pé ẹni tí ò bá ṣiṣẹ́ ò ní jẹ o, ìyẹn á tún burú ju ìlà lọ. Ẹ kàn pè é ni, tó bá wá, ó wá.

Ẹ má kọ "oúnjẹ àwọn aláìní" gàdàgbà sára bọ́ọ̀sì. Báàgì tẹ́nikẹ́ni lè gbé kọjá ládùúgbò ni kẹ́ ẹ lò. Tẹ́ ẹ bá lè páàkì nítòsí ilé ìkàwé tàbí ibi táwọn ọmọ ti ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ó dáa jù, torí èèyàn lè ní ohun míì ló gbé òun débẹ̀. Ẹ sì jẹ́ kí wọ́n lè rán ẹlòmíì wá gbà á fún wọn. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe wàásù tàbí ìpolongo ìbò fún wọn kẹ́ ẹ tó fún wọn lóúnjẹ.

Nọ́ọ̀sìÀdúgbò:

Ẹ kú akitiyan gbogbo yín. Ọ̀rọ̀ déètì ara oúnjẹ ló máa ń da àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni lójú rú. Èyí tí wọ́n kọ "best before" sí, adùn ẹ̀ nìyẹn ń sọ, tí wọ́n bá tọ́jú ẹ̀ dáadáa ó ṣì lè dáa lẹ́yìn ọjọ́ yẹn. Èyí tó bá jẹ́ "use by", tó bá ti kọjá, ẹ jù ú nù. Mílíìkì inú agolo tí wọ́n ń pò fún ọmọ ìkókó, tí ọjọ́ ẹ̀ bá ti kọjá, ẹ má fún ẹnikẹ́ni, kódà bó ṣe ọjọ́ kan péré. Agolo tó wú, tó ń jò tàbí tó tẹ̀ wọnú gan-an lójú ibi tí wọ́n ti so ó pọ̀, ẹ má tọ́ ọ wò, ẹ dà á nù, torí májèlé tó lè wà níbẹ̀ lè má rùn, kó má sì yí adùn ẹ̀ padà.

Tẹ́ ẹ bá ń bu nǹkan látinú àpò ńlá sínú láílọ́nù, ẹ kọ ohun tó jẹ́ sí i. Ẹ̀pà, ẹyin, mílíìkì, ẹja, sóyà, àlìkámà, sísámì, gbogbo ẹ̀ ló ní ẹni tí ara ẹ̀ kọ̀ ọ́, ẹ̀pà díẹ̀ lè pa ọmọ tí ara ẹ̀ kọ̀ ọ́. Fáwọn tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n da omi inú agolo ẹ̀wà nù kí wọ́n sì ṣàn án, iyọ̀ ẹ̀ á dín kù. Olùyọ̀ǹda tó bá ń bì tàbí tó ń ṣu gbuuru, kó jókòó sílé títí wákàtí 48 á fi kọjá lẹ́yìn tó bá ti dáwọ́ dúró.

AládùúgbòRere:

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun gan-an. Mo ti ka ti TiloreṢé létí gbogbo wa, kò sẹ́ni tó tún mẹ́nu ba fọ́tò mọ́. Mo máa lọ kanlẹ̀kùn ọkùnrin yẹn lọ́jọ́ Jímọ̀, ọwọ́ ò kúkú tó wa lóòótọ́.

Ìbéèrè kan ló kù. Máníjà sítọ́ọ̀ kan sọ pé òun fẹ́ fún wa ní nǹkan àmọ́ ẹ̀rù ń ba òun pé tẹ́nì kan bá ṣàìsàn, wọ́n á gbé òun lọ sílé ẹjọ́. Kí la lè sọ fún un? Ẹni tó bá sì mọ irú òṣùwọ̀n tá a lè fi wọn ẹrù, kó jọ̀ọ́ bá mi sọ.

ÀgbàOlùpín:

Ìbẹ̀rù yẹn ti pẹ́ láyé. Ohun tí sítọ́ọ̀ fẹ́ dà nù ni ọkùnrin kan tó ń jẹ́ John van Hengel fi bẹ̀rẹ̀ báńkì oúnjẹ St. Mary's, ìyẹn ibi tí wọ́n ń kó oúnjẹ jọ sí fáwọn tí ò ní, nílùú Phoenix ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1967, àmọ́ ọdún 1996 ni Amẹ́ríkà tó ní òfin kan fún gbogbo orílẹ̀-èdè yẹn tó ń dáàbò bo ẹni tó fi ọkàn rere fúnni lóúnjẹ, àyàfi tó bá mọ̀ọ́mọ̀ fún wọn ní èyí tó ti bà jẹ́ tàbí tí àìbìkítà ẹ̀ bá pọ̀ jù. Ítálì ní tiẹ̀ lọ́dún 2003. Ní Faransé, látọdún 2016, òfin ò tiẹ̀ gba sítọ́ọ̀ ńlá láyè mọ́ láti mọ̀ọ́mọ̀ ba oúnjẹ tó ṣì ṣeé jẹ jẹ́. Ẹ wádìí ohun tí òfin ibi tẹ́ ẹ wà sọ, kẹ́ ẹ mú un lọ fún un. Ẹ tún kọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú ẹ̀, pé látìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbé ẹrù kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ọwọ́ yín ni ìtọ́jú ẹ̀ wà, kẹ́ ẹ sì fi ìwé tẹ́ ẹ ń kọ tẹmọ́mítà sí hàn án. Ìwé tẹmọ́mítà yẹn ló máa ń fọkàn wọn balẹ̀ jù.

DẹrẹbàBọ́ọ̀sì:

Ti òṣùwọ̀n, ẹ wá èyí tó ń wà nílẹ̀ tó lè gba páálí, kó lè wọn tó 100 kílò. Ẹ kọ́kọ́ wọn páálí tó ṣófo kẹ́ ẹ lè yọ ti páálí kúrò, kẹ́ ẹ sì wọn èyí tó bá ṣẹ́kù nígbà tẹ́ ẹ bá ń padà bọ̀, torí ìyẹn ló máa jẹ́ kẹ́ ẹ mọ ohun táwọn èèyàn kì í mú.