Oró ni, kì í ṣe májèlé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ka àbá tí ẹ̀gbọ́n wa mú wá, pé kí á máa pe àwọn purotéènì tí kòkòrò Helicobacter pylori, èyí tó ń fa ọgbẹ́ inú, fi ń ba sẹ́ẹ̀lì àpòlúkù jẹ́ ní "amáradàgbà onímájèlé". Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bínú, n kò gbà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ló ní wàhálà tirẹ̀.

Amáradàgbà, orúkọ iṣẹ́ tí ẹ̀wà, ẹyin àti ẹja ń ṣe lára ọmọdé ni. Àwọn nọ́ọ̀sì fi ń kọ́ àwọn ìyálọ́mọ, ó sì dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tó ń ba sẹ́ẹ̀lì jẹ́, ara ta ló ń mú dàgbà? Mo ka orúkọ náà sókè fún ìyàwó mi, ó ní, "Ṣé ẹ̀wà tó ti kan ni?" Ẹ jẹ́ kí á fi purotéènì sílẹ̀ bó ṣe wà.

Májèlé ló bà mí lẹ́rù jù. Ènìyàn ló ń fi májèlé sóúnjẹ ẹlòmíràn. Ẹ kọ ọ́ sínú ìwé pélébé fún ẹni tó ní ọgbẹ́ inú, ohun tó máa kọ́kọ́ bi yín ni, "Ta ló fún mi jẹ?" Àǹtí mi kan ka gbogbo ẹni tó jókòó tì í níbi ìnáwó kan tán lórí ìka, kó tó gbà pé kòkòrò ni. (Barry Marshall, dókítà ará Ọsirélíà, nìkan ni ìbéèrè yẹn ní ìdáhùn fún: lọ́dún 1984, ní Perth, òun fúnra rẹ̀ ló gbé kòkòrò náà mu, inú rẹ̀ sì wú. Òun àti Robin Warren, ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú ìwádìí náà, gba ẹ̀bùn Nobel lọ́dún 2005.) Ohun tí ẹ̀dá alààyè bá ń pèsè nínú ara rẹ̀, tó fi ń ṣọṣẹ́, oró là ń pè é: oró ejò, oró àkeekèé. Ó ti wà nílẹ̀ tipẹ́.

Ẹnìkan ní kí VacA, ọ̀kan lára àwọn purotéènì kòkòrò náà, máa jẹ́ "oró adáhòlu". Ìdajì rẹ̀ tọ̀nà, nítorí VacA a máa para pọ̀ di ọ̀nà tóóró lára awọ sẹ́ẹ̀lì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibẹ̀ ló ti gba orúkọ; inú "vacuole", ìyẹn àpò olómi, ni "Vac" ti wá. Lábẹ́ maikirosikóòpù, inú sẹ́ẹ̀lì tó bá fara kàn án a kún fún àwọn àpò olómi, bí inú àkàrà tó wú dáadáa. Àwọn àpò wọ̀nyẹn kò yọ sí òdìkejì bí ihò. Bí omi gbígbóná bá jó wa lọ́wọ́, kí là ń sọ? Ibẹ̀ lé ròrò. Tèmi ni "oró amúniléròrò".

CagA, purotéènì kejì, ló le. VacA, kòkòrò náà ń tú u síta ni; CagA, ó ní ohun kan bí abẹ́rẹ́ tó fi ń tì í wọ inú sẹ́ẹ̀lì tààrà. Nígbà tó bá wọlé tán, àwọn ènsáìmù sẹ́ẹ̀lì fúnra wọn ló ń lẹ èròjà kékeré kan tí à ń pè ní fọ́sífétì mọ́ ọn, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í pàṣẹ òdì: sẹ́ẹ̀lì á nà gbọọrọ, á sì tú kúrò lára èkejì rẹ̀. Kì í pa sẹ́ẹ̀lì bí oró ṣe ń ṣe, ó ń darí rẹ̀ ni. Nítorí náà ni kì í fi í ṣe gbogbo onímọ̀ ló ń kà á mọ́ oró. Mo fẹ́ "purotéènì àtasínú", torí pé àkeekèé ta èèyàn la máa ń wí. Kì í sì í ṣe gbogbo irú kòkòrò yìí ló ní in, nítorí náà, ẹ má ṣe fi orúkọ kan ṣoṣo bo àwọn méjèèjì.

Ohun tó ṣì ń dùn mí nínú àtasínú ni pé ẹni tí kò rí àmì ohùn lè kà á sí ọjà títà. Ṣé "àtìwọnú" kò ní dáa jù ú lọ?