Mo ń fẹsẹ̀ kanlẹ̀ bí mo bá ń gun 8: kí ni mò ń ṣì ṣe?

Ọmọ Gàá-Akanbí
Ẹ kú ọjọ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ìdánwò ìwé àṣẹ máṣìnì ló wà níwájú mi, Class A, ọ̀sẹ̀ méjì ló kù. Wọ́n á to táyà àlòkù méjì sílẹ̀, ìgbésẹ̀ mẹ́jọ láàárín wọn, wọ́n á ní ká yí wọn po bíi nọ́ńbà 8. Ẹsẹ̀ ò gbọdọ̀ kanlẹ̀, ẹ́ńjìnnì ò gbọdọ̀ kú. Boxer 100 ni mò ń lò. Bí mo bá ń lọ tààrà, kò sí wàhálà. Apá òsì náà, mo ń rí i yí. Ọ̀tún ló ń dójú tì mí: bí kò bá fò mọ́ mi lọ́wọ́, á fẹ́ kú, á fẹ́ dùbúlẹ̀, ni mo bá ju ẹsẹ̀ sílẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ pé kí n ṣáà máa gbìyànjú. Kí ni ọwọ́ ń ṣe, kí ni ẹsẹ̀ ń ṣe?

Ẹ̀gbọ́n Tankẹ́
Àbúrò, ọwọ́ ọ̀tún rẹ gan-an ló ń ṣe ọ́. Tí o bá ṣẹ́ ọwọ́ máṣìnì sí ọ̀tún, ibi tí tọ́rọ́tù (ìdìmú ọ̀tún tí a ń yí kí máṣìnì lè sáré) wà á sún mọ́ ikùn rẹ. Ìgúnpá á ká, ọrùn ọwọ́ á rẹlẹ̀, tọ́rọ́tù á ṣí láìjẹ́ pé o mọ̀. Ó fò nìyẹn. Ẹ̀rù á bà ọ́, o óò dá a padà pátápátá, ó di pé ó fẹ́ kú. Gbé ìgúnpá ọ̀tún síta bí apá adìẹ tó fẹ́ fò, kí ọrùn ọwọ́ lè dúró gbọọrọ. Má fi ìka kankan sórí bíréèkì ọwọ́. Tí ọwọ́ máṣìnì bá ti ṣẹ́, tí bíréèkì iwájú sì mú, ilẹ̀ ló ń lọ, kò sí ẹni tó lè fi ẹsẹ̀ gbé e dúró.

Ní ti eré, tọ́rọ́tù kọ́ ni wàá fi yára tàbí fi falẹ̀ nínú 8. Ṣí i díẹ̀ kọjá ibi tí ẹ́ńjìnnì ń dún sí fúnra rẹ̀, kí o fi í síbẹ̀. Ara kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn ọwọ́ òsì tí a ń fà láti gba agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, ni eré wà. Ibì kan wà tí kílọ́ọ̀ṣì ti ń bẹ̀rẹ̀ sí í mú, tí kò tíì mú tán. Inú àyè kékeré yẹn ni ọwọ́ òsì rẹ á ti máa ṣeré láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin: tú u bí irun orí, máṣìnì á sún, fà á bí irun orí, á rọ̀. Ẹsẹ̀ ọ̀tún á sì wà lórí bíréèkì ẹ̀yìn ní gbogbo ìgbà, kó kàn fara kàn án. Kì í ṣe pé o fẹ́ dúró. O ń dì í mú ni, bí ẹni di ìjánu ẹṣin mú lọ́jọ́ ìdúróbà. Kílọ́ọ̀ṣì ń tì í, bíréèkì ń fà á, ara máṣìnì á balẹ̀ láàárín méjèèjì.

Láti mọ ibi tí ó ti ń mú: dúró sójú kan, ẹsẹ̀ méjèèjì nílẹ̀, gíà kìíní, má fọwọ́ kan tọ́rọ́tù. Tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀díẹ̀ títí máṣìnì á fi mi síwájú. Fà á padà. Ṣe é tó ìgbà 20, kí ìka rẹ mọ̀ ọ́n láìjẹ́ pé o ń rò ó.

Mẹkáníìkì Ìpàta
Ọ̀rọ̀ Ẹ̀gbọ́n dáa, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo máṣìnì náà kí ẹ tó di gbogbo ẹ̀bi ru ọmọ yìí. Gbé e dúró lórí ìdúró àárín, gíà ọ̀fẹ́, tan án, jẹ́ kó gbóná. Ṣẹ́ ọwọ́ máṣìnì sí òsì títí yóò fi kan, lẹ́yìn náà sí ọ̀tún. Fetí sí i. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá yí padà níbì kankan, kébù tọ́rọ́tù, ìyẹn okùn wáyà tó ń ṣí i, ni nǹkan ń fà.

Yẹ kílọ́ọ̀ṣì wò pẹ̀lú. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo lọ́wọ́, ó yẹ kí àyè mílímítà 2 sí 3 wà níbi ìdí rẹ̀. Bí kò bá sí àyè rárá, kílọ́ọ̀ṣì á máa yọ̀. Bí àyè bá pọ̀ jù, o lè fà á dé orí kí máṣìnì ṣì máa wọ́ lọ, kò sì sí bí o ṣe lè rìn jẹ́jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ṣéènì tó bá dẹ̀ jù náà ń fa kíkíkí nínú ìrìn jẹ́jẹ́. Ti ìka ọwọ́ sí i láàárín, kó má gòkè sọ̀kalẹ̀ ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 3 lọ. Kẹ́yìn, gbé táyà iwájú kúrò nílẹ̀, ṣẹ́ ọwọ́ máṣìnì jẹ́jẹ́. Bí ó bá ń há láàárín gbùngbùn bíi pé ihò wà níbẹ̀, bọ́ọ̀lù inú ọrùn rẹ̀ ti jẹ. Máṣìnì bẹ́ẹ̀ ò ní tẹ̀lé ọ, bó ti wù kí o mọ̀ ọ́n gùn tó.

Ọmọ Gàá-Akanbí
Ẹ ṣeun gan-an. Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ní òsì, ìró ẹ́ńjìnnì ò yí. Ní ọ̀tún, tó bá ti fẹ́ẹ́ kan, ó ń dún sókè!

Mẹkáníìkì Ìpàta
Ó tán. Wo abẹ́ iná iwájú, ibi tí àwọn wáyà ti ṣù pọ̀. Ó ṣeé ṣe kí ẹni tó tún iná ṣe ti fi rọ́bà so kébù tọ́rọ́tù mọ́ wọn. Gé rọ́bà náà, jẹ́ kí kébù gba ọ̀nà tirẹ̀, kí ó má ká kọ́ńdọ́rọ́ níbì kankan. Kó o tó jáde, ṣẹ́ ẹ lọ ṣẹ́ ẹ bọ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i kí o sì fetí sílẹ̀.

Ọ̀gá Gáréèjì Ọ̀fà
Ẹ ń fi gírámà pa ọmọ yìí. Gíà kejì ni kó fi sí, kí ó na ẹsẹ̀ méjèèjì síta bí a ṣe ń ṣe lójú títì. Kò sí ọlọ́kadà tó ń di bíréèkì mú bó bá ń yí.

Ẹ̀gbọ́n Tankẹ́
Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Lójú títì, àyè wà, kò sẹ́ni tó ń ka ẹsẹ̀ yín. Níbi ìdánwò, ẹsẹ̀ tó bá wà níta ti kúrò lórí bíréèkì ẹ̀yìn, bó bá sì kanlẹ̀ pẹ́rẹ́, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ní ti gíà kejì, ẹ ò jẹ̀bi tán: bí àyè bá fẹ̀, ó rọ̀ ju kìíní lọ. Ìgbésẹ̀ mẹ́jọ ò fẹ̀. Bó bá rọra tó bó ṣe yẹ nínú gíà kejì, á máa gbọ̀n, á sì kú.

Ọmọ Ìgbómìnà
Ẹ ò tíì sọ ti ojú. Ibi tí ojú bá wò ni máṣìnì ń lọ. Ẹni tó bá tẹjú mọ́ táyà tó wà nílẹ̀, orí táyà yẹn ló ń gùn. Yí orí, kì í ṣe ẹyinjú nìkan, kí àgbọ̀n fẹ́ẹ̀ kan èjìká, kí o máa wo ibi tí wàá jáde sí.

Ara náà ní iṣẹ́ tirẹ̀. Lórí eré, ìwọ àti máṣìnì á jọ tẹ̀ síbì kan náà. Ní ìrìn ìgbín, máṣìnì nìkan ni kó tẹ̀. Ìwọ dúró ṣánṣán, kí ìdí rẹ sún díẹ̀ sí etí àga ní òdìkejì. Bí o bá ń yí sí ọ̀tún, ẹsẹ̀ òsì ni kó tẹ fútrẹ́ẹ̀sì (irin tí a ń gbé ẹsẹ̀ lé). Máṣìnì tó bá tẹ̀ ń yí nínú àyè tó kéré ju èyí tó dúró gán-ín lọ, ara rẹ ló sì ń gbé ìwúwo rẹ̀ padà kí ó má ṣubú.

Èyí tó ń gbé ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣubú wá nìyí: tí máṣìnì bá fẹ́ dùbúlẹ̀, ẹ̀rù á mú kí wọ́n fa kílọ́ọ̀ṣì dé orí. Wọ́n ti gba agbára lọ́wọ́ rẹ̀ nìyẹn, ilẹ̀ ló kù. Òdìkejì ni kí o ṣe. Tú kílọ́ọ̀ṣì díẹ̀ sí i, tú bíréèkì ẹ̀yìn díẹ̀, á dìde fúnra rẹ̀.

Màmá Ìbejì
Ẹ dákun, ti èmi jẹ́ máṣìnì àwọn obìnrin, tí kò ní kílọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́. Báwo ni tèmi ṣe jẹ́?

Ẹ̀gbọ́n Tankẹ́
Màmá, kílọ́ọ̀ṣì wà nínú rẹ̀, bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kíákíá tó ló ń mú un ṣiṣẹ́. Bí ẹ bá dá tọ́rọ́tù padà tán, kílọ́ọ̀ṣì á jọ̀wọ́ ara rẹ̀, máṣìnì á di ẹrù lásán lábẹ́ yín. Nítorí náà ẹ má pa tọ́rọ́tù rẹ́ láàárín kọ́nà. Ẹ jẹ́ kó máa dún díẹ̀ lójú kan, kí ẹ fi bíréèkì ẹ̀yìn nìkan ṣe eré. Ẹ dì jàlàbíà yín mọ́ra dáadáa o. Etí aṣọ ò pẹ́ wọ inú ṣéènì, bó sì ti wọ ibẹ̀, táyà á dúró gbagidi. Bàtà tó ní ìgigìrísẹ̀ pẹlẹbẹ ni kẹ́ ẹ wọ̀. Sílípáàsì kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ ìwọ̀n bíréèkì.

Ọmọ Ìlọrin l'Óyìnbó
Bákan náà ni níbí. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì, ìpele kìíní ìdánwò máṣìnì ní 8, ó ní ìrìn jẹ́jẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn, ó sì ní yíyípadà láàárín ìlà méjì tó jìnnà síra ní mítà 7.5. Ìyẹn tó ìgbésẹ̀ mẹ́wàá. Ẹni tó bá yege nínú ti Gàá-Akanbí yìí ti gbọ́n.

Ọmọ Ìgbómìnà
Má bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8 lónìí. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, mítà 20 tààrà ni kí o máa rìn, kí ẹnì kan fi fóònù ka àkókò. Bí o bá lè lo ìṣẹ́jú àáyá 15 kí o tó dé òpin láìfẹsẹ̀ kanlẹ̀, ọwọ́ òsì rẹ ti mọ iṣẹ́. Lẹ́yìn náà, fi ẹfun ya òbìrìkítí tí ìbú rẹ̀ tó ìgbésẹ̀ 12, yí i po. Bó bá ti rọrùn, 10, lẹ́yìn náà 8. Ọ̀tún ni kó gba ìlọ́po méjì òsì. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wàá so òbìrìkítí méjì pọ̀.

Mẹkáníìkì Ìpàta
Kó má sì ju ìṣẹ́jú 10 lọ lẹ́ẹ̀kan kí o tó pa á. Afẹ́fẹ́ ló ń tu Boxer lára, nínú ìrìn ìgbín, afẹ́fẹ́ ò fẹ́. Inú ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì kan náà ni kílọ́ọ̀ṣì wà, ó ń yọ̀, ó ń gbóná. Ọ́ìlì máṣìnì 20W-50 ni kó wà nínú rẹ̀, kí JASO MA, àmì ọ́ìlì tó bá irú kílọ́ọ̀ṣì yìí mu, wà lára agolo rẹ̀. Àwọn ọ́ìlì mọ́tò kan ní ohun tó ń mú nǹkan yọ̀ nínú, kílọ́ọ̀ṣì ò sì ní mú dáadáa mọ́.

Ọmọ Gàá-Akanbí
Mo ti gé rọ́bà náà, ìró ẹ́ńjìnnì ò yí mọ́. Ìbéèrè kan ló kù: láàárín òbìrìkítí méjì, ìgbà wo ni kí n yí ojú padà?

Ọmọ Ìgbómìnà
Kí o tó dé àárín. Nígbà tí táyà àkọ́kọ́ bá ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúnkún rẹ, tí o ń bọ̀ jáde, orí rẹ ti gbọ́dọ̀ kúrò lára rẹ̀, kó máa wá ẹ̀yìn táyà kejì. Gbé máṣìnì dúró ṣánṣán fún bí ìgbésẹ̀ kan, sún ìdí bọ́ sí òdìkejì, kí o tó ṣẹ́ ẹ. Bí o bá ṣẹ́ ẹ kí ìdí tó sún, wàá fi ẹsẹ̀ kanlẹ̀.

Ọ̀gá Gáréèjì Ọ̀fà
Mo ti dán ti ìgbésẹ̀ mẹ́jọ yẹn wò pẹ̀lú gíà kejì. Ó kú. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Èyí tí mo fẹ́ fi kún un ni pé kó wá ilẹ̀ tó le. Lásìkò ọyẹ́ yìí, yanrìn wà létí gbogbo ọ̀dà. Kó fi ìgbálẹ̀ gbá ibi tí táyà iwájú máa gbà kọjá, kó sì má lọ sí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, bíréèkì ẹ̀yìn ni kó le díẹ̀. Tó bá ń gòkè, kílọ́ọ̀ṣì ni kó tú sí i.

Ọmọ Gàá-Akanbí
Ìgbálẹ̀ wà nílé. Lọ́la lẹ́yìn ìrun àsùbáà, mítà 20 ni mo máa fi bẹ̀rẹ̀.