Iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ wa ní Ìkòròdú, kò sì sí èyí tó ń parí: ṣé "lean" lè bá ọ́fíìsì kọ̀ǹpútà mu?

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Ènìyàn márùn-ún ni wá ní ọ́fíìsì wa ní Ìta Ẹlẹ́wà, Ìkòròdú. Sọ́fítíwíà ilé-ìwé la ń kọ: èsì ìdánwò, owó ilé-ìwé, ìforúkọsílẹ̀ àwọn ọmọ. A tún ń bójú tó kọ̀ǹpútà àti íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan àti àwọn ṣọ́ọ̀bù kan ní Sábó. A dúpẹ́, iṣẹ́ ò wọ́n wa. Àmọ́ mẹ́rìnlá ló wà nílẹ̀ báyìí, gbogbo wọn ló ti dé ìdajì, kò sì sí èyí tí mo lè fọwọ́ sọ̀yà pé yóò jáde lọ́sẹ̀ yìí. Ọ̀kan ń dúró de àmì ilé-ìwé lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Òmíràn ń dúró de ọmọkùnrin wa kan tó mọ ibi tí owó ti ń wọlé nínú kóòdù náà, òun náà sì ti lọ tún pírńtà ṣe ní Agric. Àwọn oníbàárà ń pè, mò ń bẹ̀ wọ́n.

Ẹnìkan tó ń ṣiṣẹ́ ní fákítìrì ní kí n lo "lean", ìyẹn ọ̀nà ìṣiṣẹ́ tó ń mú ìfiṣòfò kúrò, pé òun ni Toyota fi gòkè. Mọ́tò ni wọ́n ń ṣe o, kóòdù là ń kọ. Ẹni tí a jọ dá ọ́fíìsì sílẹ̀ tiẹ̀ ń sọ pé ohun tó jẹ́ ni pé ká dín ènìyàn kù sí mẹ́ta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe é rí, kí ni kí n ṣe?

Ẹlẹ́ja Onílaptop, Ẹ̀pẹ́:
Ẹ má lé ẹnikẹ́ni. Mò ń bọ̀ wá ṣàlàyé, iná ti lọ.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Ẹ̀bútè:
Àbúrò mi, jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ọ̀rọ̀ lílé ènìyàn kúrò nílẹ̀. Taiichi Ohno, ẹnjiníà tó to ètò Toyota jọ lẹ́yìn ogun àgbáyé kejì, ka ìfiṣòfò méje: ṣíṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni kò tíì béèrè, ìdúró, kíkó ẹrù káàkiri, àṣerégèé lórí iṣẹ́, ẹrù tó jókòó sílé ìkẹ́rùsí, ìrìn àìnídìí, àti iṣẹ́ tó bàjẹ́. Òṣìṣẹ́ kò sí nínú méjèèje.

Ní ọ́fíìsì bíi tiyín, kóòdù tó dé ìdajì ni ẹrù tó jókòó yẹn. Mọ́tò tí wọn ò tíì tà á kún ọgbà, gbogbo ayé á rí i. Kóòdù tí kò tíì dé ọwọ́ oníbàárà ń bẹ nínú láptọ́ọ̀pù, kò gba àyè, bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń pọ̀ tí ẹ ò fura. Owó oṣù tẹ́ ẹ ti san lé e lórí ti lọ, kò sì tíì sí ilé-ìwé tó fi í tẹ èsì ọmọ kan ṣoṣo.

Wá gbọ́ ìṣirò. Ní 1961, John Little fi ẹ̀rí rẹ̀ hàn pé bí a bá fi iye iṣẹ́ tó ń parí lọ́sẹ̀ pín iye tó wà lọ́wọ́, ohun tó bá jáde ni àkókò tí iṣẹ́ kan ń lò nílẹ̀, ní ìpíndọ́gba. Iṣẹ́ 14, tí 2 bá ń parí lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 7 nìyẹn. Bí ẹ bá ní ká má gba ju 4 wọlé lẹ́ẹ̀kan, ọ̀sẹ̀ 2 ni. Ẹ kò gba ẹnikẹ́ni kún un, ẹ kò lé ẹnikẹ́ni.

Oníkóòdù Sábó:
Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo bọ̀wọ̀ fún yín, àmọ́ mẹ́wàá tó kù ńkọ́? Ṣebí ẹ kàn sún wọn sẹ́nu ọ̀nà ni. Oníbàárà ò mọ̀ bóyá inú ilé lòun ti ń dúró tàbí ìta.

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Ẹ̀bútè:
Òótọ́ lo sọ, ìṣirò yẹn kò ka àwọn tó wà níta. Àmọ́ ẹni tó wà níta, a kò tíì náwó lé e lórí. Bó bá yí ohun tó fẹ́ padà, kò ba nǹkan kan jẹ́. A sì lè sọ ọjọ́ tí yóò kàn án fún un láìparọ́. Èyí tó tiẹ̀ jù lójú tèmi ni pé ẹni tó ń kọ kóòdù iṣẹ́ mẹ́ta lóòjọ́, gbogbo òwúrọ̀ ló fi ń rántí ibi tó bá a dé. Fún un ní ẹyọ kan, wàá rí i.

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ ṣé gan-an, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ n sọ ohun tó sọ gbogbo rẹ̀ di ìdajì: àsansílẹ̀ ni. Bí oníbàárà ò bá rí i pé a ti bẹ̀rẹ̀, kì í san. Àsansílẹ̀ yẹn la fi ń ra epo jẹnẹrétọ̀, òun náà la fi ń sanwó oṣù.

Ẹlẹ́ja Onílaptop, Ẹ̀pẹ́:
Iná ti dé. Ibi tí ọ̀rọ̀ wà gan-an lẹ dé yìí, Àǹtí! Pátákó tí wọ́n ń to iṣẹ́ ọwọ́ sí tàbí ìṣirò kankan ò ní ràn yín lọ́wọ́ bí owó bá ń wọlé nígbà tẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ nìkan. Ẹ gé iṣẹ́ náà sí wẹ́wẹ́. Ilé-ìwé tó fẹ́ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, kí ni wọ́n máa kọ́kọ́ lò? Èsì ìdánwò sáà kìíní, ní oṣù Kejìlá. Ẹ kọ ìyẹn nìkan, ẹ gbé e fún wọn, kí wọ́n san tiẹ̀. Kí owó ilé-ìwé tó kàn, wọ́n á ti máa lò ó, ẹnu wọn lẹ ó ti gbọ́ ohun tí wọn ò nílò mọ́. Oníbàárà wa kan níbí takú pé dandan ni ojú ewé fún àwọn tó ti jáde ilé-ìwé. Nígbà tí èsì ìdánwò dé ọwọ́ rẹ̀, kò dárúkọ rẹ̀ mọ́ títí dòní. Ẹ wo iye alẹ́ tí à bá fi kọ ọ́.

Ìyá Server, Àgbádárìgì:
Kò tíì sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ pírńtà Agric, òun ni èmi rí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àti iṣẹ́ kíkọ ń jà lórí ọmọ kan náà. Ẹ yan ẹnìkan lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ tí yóò máa gba gbogbo ìpè. Àwọn mẹ́rin tó kù, kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn wọ́n àfi bí server, kọ̀ǹpútà tó gbé sọ́fítíwíà gbogbo oníbàárà, bá kú.

Kí ẹni náà ní ìwé kan lọ́wọ́, kó máa kọ ìdí tí wọ́n fi pè. Ẹ máa rí i pé àwọn kan fẹ́ nǹkan tuntun, àwọn yòókù ń pè torí pé ohun tẹ́ ẹ ṣe kò ṣiṣẹ́ tàbí kò yé wọn. Àwọn ìpè kejì yìí ni kẹ́ ẹ wá gbòǹgbò wọn. Níbí, "mo ti sanwó, kò hàn" ló ń pa wá lórí. Owó wọlé o, òbí ni kò rí nǹkan kan lórí fóònù rẹ̀ tó sọ fún un pé ó wọlé. A fi SMS kan sí i, ìpè yẹn rọlẹ̀ wọ̀ọ̀.

Ohun kan tí mo fẹ́ràn nínú ìtàn Toyota ni pé aṣọ híhun ni ìdílé tó dá a sílẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ ìhunṣọ tí Sakichi Toyoda ṣe jáde ní 1924 máa ń dá ara rẹ̀ dúró bí òwú bá já, kó má baà máa hun aṣọ tó bàjẹ́ lọ. Ẹ kọ àyẹ̀wò tó ń ṣe bẹ́ẹ̀: kí kóòdù tuntun tó bọ́ sórí server, kí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ṣírò èsì àwọn ọmọ tẹ́ ẹ ti mọ ìdáhùn wọn. Bí kò bá bára mu, kó má kọjá. Àṣìṣe tó bá dé ọwọ́ òbí lọ́sẹ̀ ìparí sáà, ẹ ó gba ìpè títí bátìrì á fi kú.

Ọmọ Ìta Ẹlẹ́wà:
Ẹ kú àdúrótì o. A ti ra pátákó funfun, iṣẹ́ mẹ́rin péré la kọ sí i. Ẹnìkejì mi ò sọ̀rọ̀ lílé ènìyàn mọ́, ìbéèrè tó wà lẹ́nu rẹ̀ báyìí ni pé iṣẹ́ tó ń dúró de àmì ilé-ìwé, ṣé ó yẹ kó wà lára mẹ́rin náà?

Tíṣà Kọ̀ǹpútà, Ẹ̀bútè:
Kó wà níbẹ̀ o. Bẹ́ ẹ bá ń yọ gbogbo ohun tó ń dúró kúrò, ẹ̀yìn pátákó ni mẹ́rìnlá yẹn máa lọ kó jọ sí. Kó gba àyè, kó dùn yín, kẹ́ ẹ lè dìde lọ bá ẹni tó ni ilé-ìwé náà nílé. Ti àwọn tẹ́ ẹ ò tíì bẹ̀rẹ̀, ẹ má mú èyíkéyìí wọlé títí àmì, orúkọ kíláàsì àti iye owó sáà á fi pé lọ́wọ́ yín.